Odó Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Òórùn fóòmù tuntun máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́. O lè máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe àga, tí òórùn yẹn bá ta sí mi nímú, ọ̀nà míì ni mo máa ń wá gbà. Ní oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé iṣẹ́ tó fẹ́ fi gboyè wá sí ọ́fíìsì mi, ó ní òun fẹ́ ṣe ohun tí yóò máa gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ mì. Ó ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti ń ṣe fọ́nrán kan báyìí tó tín-ín-rín débi pé irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ jìnnà, pé bí a bá tẹ́ ẹ lé fóòmù lórí, ariwo tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rọ́nà jáde mọ́. Ó wá yọ fóòmù pelebe kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e síwájú mi lórí tábìlì. Mo ní kó gbé e kúrò níbẹ̀ kíá. Ọmọ náà wò mí, ó rò pé inú ló ń bí mi. Kì í ṣe inú. Ojú ló ń tì mí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ojú náà ti ń tì mí.

Ìkéré ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù kúrò ní Àkúrẹ́ bọ̀ wálé, ilé wá wọ́n bí ojú, kálukú sì ń yangàn pé àwa náà ti ní ìpínlẹ̀ tiwa. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Wọ́n gbà mí ní tíṣà físíìsì, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkéré. Ọmọ Èmùré ni mí, kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ará Ìkéré ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ó sì tó oṣù méjì kí etí mi tó mọ́ ọn dáadáa. Yàrá kan ni mo rí gbà lẹ́yìn ilé ìyá opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú ilé náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní Ìsẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó máa ń wá wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyá Onílé ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Tíṣà.

Ilé náà fẹ̀yìn ti àpáta. Ìwọ tó o mọ Ìkéré, o mọ̀ pé ibi tí Olóṣùnta, àpáta ńlá ìlú náà, fúnra rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ kan ń bẹ níbẹ̀. Ilé ìdáná ìyá kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí fèrèsé mi, orí àpáta tó yọrí láti inú ilẹ̀ ló sì gbé odó rẹ̀ kà. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Ohùn odó á gba inú ilẹ̀ wọ yàrá mi, á mi tábìlì tí mo fi ń kàwé, á tún lọ kọlu àpáta ẹ̀yìn ilé, àpáta á sì dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìyá ń gún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì nígbà náà, ìwé ni mò ń kà ṣáá, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé odó yẹn ni ọ̀tá tó ń dí mi lọ́wọ́. Mo bi ìyá lọ́jọ́ kan bóyá kò lè máa ro ọkà nígbà míì. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn," ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí n fúnra mi parí rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, mò ń jẹ nínú iyán náà. Bó bá ti gún un tán, á bu tèmi sínú abọ́ tánńganran kan, á fi abọ́ míì dé e, á gbé e sí ojú fèrèsé mi, á ní, "Tíṣà, uyán rẹ rè é." Kò sí ọjọ́ tó yẹ̀. Iyán náà máa ń funfun, á fà, kò sí kókó kankan nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ sì máa ń ta sánsán. Màá jẹ ẹ́ tán, màá lá ọwọ́, màá sì padà sídìí ìwé mi láti máa ráhùn pé odó kò jẹ́ kí n kàwé. Ìwà àbòsí gbáà ni, ṣùgbọ́n n kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ẹnì kan tún wà tó ń jẹ nínú rẹ̀. Bàbá kan ni, katikíìsì ìjọ wọn tó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bí bàbá yìí bá ti gbọ́ ohùn odó, á mú ọ̀pá rẹ̀, á máa tọ ohùn náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá á ti máa bu iyán sínú abọ́ nígbà tó bá fi máa dé ẹnu ọ̀nà. Kò sọ rí pé oúnjẹ lòún bá wá. Á ní òun kàn ní kí òun yà kí i ni. Ìyá náà kò ránṣẹ́ pè é rí. Á ní ó bá òun ire, á na àga sí i, wọn á sì jọ jẹun, wọn á máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó ti kú ṣáájú kí n tó dáyé. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé bó ṣe ń lọ láàárín wọn nìyẹn. Ohùn odó ni ìpè, ẹni tó gbọ́ ọ ló pe ara rẹ̀, ìyẹn ni kò fi sí ẹni tó tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkìtì látòkèdélẹ̀, ta ni yóò sọ pé mi ò mọ̀?

Nígbà tó yá, ìjọba pè fún ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan wá sí Adó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí, ó ní ojú mi ni gbogbo àwọn ń wò. Ara mi yá gágá. Mo ti kọ́ ọ ní yunifásítì bí ohùn ṣe ń rìn: afẹ́fẹ́ ló ń tì, bí afẹ́fẹ́ náà bá sì wọ inú ohun tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tàbí fọ́nrán wẹ́wẹ́, á máa fara gbo wọ́n nínú lọ́hùn-ún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún ń wá lọ sí Sókótó? Odó ìyá wà ní ṣòkòtò mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé màá fi ohun tí kò wọ́n pa ariwo odó iyán lẹ́nu mọ́ nílẹ̀ Èkìtì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bí mo bá lè ṣe é, ipò kìíní ti di tiwa.

Mo lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe àga lọ́nà Ìsẹ̀, mo kó àjákù fóòmù àpò méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí àwọn òbí mi ní Èmùré, mo ṣa òwú àràbà bọ̀, òwú dídán tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ìrọ̀rí, torí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju ti òwú gidi lọ, ihò sì wà nínú rẹ̀. Mo gba kíréètì ẹyin lọ́wọ́ tíṣà kan tó ń sin adìẹ. Mo wá bá ìyá, mo ṣàlàyé fún un. Kò ta kò mí. Ó ní bí ìyẹn bá máa jẹ́ kí n rójú kàwé, kí n ṣe é, pé ta lòun jẹ́ tóun máa dí ọmọ oníwèé lọ́wọ́. Mo rán òwú àràbà sínú àpò ìrẹsì, mo to fóòmù lé e nípele mẹ́ta, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo sì gbé odó ka orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kan fóòmù àti kíréètì ẹyin mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná àti ògiri tó kọjú sí fèrèsé mi. Odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é. Òórùn fóòmù àti gọ́ọ̀mù gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan.

Ó ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá gún iyán lórí rẹ̀, mo jókòó sínú yàrá mi, mo ń retí gbì, gbì, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ kò ju kí ènìyàn fi ìka kan tábìlì lọ. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo mú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró sínú yàrá mi, wọ́n tẹ́tí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ra ìwé tuntun kan, ojoojúmọ́ ni mò ń kọ bí ohùn náà ṣe rí sínú rẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi han àwọn tó máa wá wo ìpàtẹ.

Ìyá ló kọ́kọ́ rí àìdáa rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ní apá ń ro òun. Ó ní òun ń gún un, òun ń gún un, iyán kò sì fẹ́ kúnná. Lóòótọ́, iyán tó ń gbé sí ojú fèrèsé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó. Ó tún sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, odó yìí ń mì lọ́wọ́ mi." Ìwọ gbọ́ èyí ná, kó o sì rántí pé tíṣà físíìsì ni mí: agbára tó yẹ kó wọnú iṣu, fóòmù ló ń gbé e mì, ìyá arúgbó sì ní láti fi agbára ìlọ́po méjì gún iyán kan náà lórí odó tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Kíláàsì kẹrin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá tú u, ìwé mi kò ní pé. Mo bẹ ìyá kó fara dà á títí di ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀, pé bí a bá ti dé láti Adó, màá tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ní kò burú.

Katikíìsì kò sì wá mọ́. Ìyá á bu iyán sí abọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa wo ọ̀nà, títí ọbẹ̀ á fi dì. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kó jẹ́ kí n lọ pe bàbá wá. Ó mi orí. Ó ní, "Bí mo bá ránṣẹ́ pè é kó wá jẹun, mo ti sọ ọ́ di alágbe nìyẹn." Ní ọjọ́ Sunday, mo pàdé bàbá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí bóyá ìyá rìnrìn àjò ni, torí òun kò gbọ́ odó rẹ̀ mọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sọ fún un pé èmi ni mo pa odó náà lẹ́nu mọ́, pé ìyá fúnra rẹ̀ ló gbà kí n ṣe é. Bàbá tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. Ó wá ní, "Òun ló gbà bẹ́ẹ̀," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó gbọ́ ni pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún òun ti sú wọn. Ì bá rọrùn kí n sáré tọ̀ ọ́, kí n ṣàlàyé fún un. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpàtẹ ni mò ń rò.

Ọjọ́ Saturday tó ṣáájú ìpàtẹ, mo jókòó sílé látàárọ̀, mò ń da ìwé mi kọ. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gbọ́ ohùn odó tí ìyá bẹ̀rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ó dá dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Á kàn lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́, á kàn lẹ́ẹ̀kan, á tún dákẹ́ pẹ́. Mo wo aago, mo rí i pé ó ti ń lọ bí wákàtí kan. Mo sọ nínú ara mi pé ìyá pẹ́ lẹ́nu iyán lónìí. Mo wá mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ohùn ọjọ́ náà ló tíì lọ sílẹ̀ jù lọ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fàlà sí i nídìí. Nígbà tó yá, mo gbé kẹ́tùlù, mo jáde lọ bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, mo kọjá níwájú ilé ìdáná lálọ, mo kọjá níbẹ̀ lábọ̀. Ilẹ̀kùn ti pa dé. N kò yà kí i, torí mo rò pé bó bá rí mi, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ odó tó ń mì. Iyán kankan kò dé ojú fèrèsé mi lọ́jọ́ náà. Mo ní bóyá inú ló ń bí i sí mi. Mo po gààrí, mo mu ún, mo sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ mi kò tíì parí. Nǹkan bí aago méjìlá ni mo gbọ́ ìró ọ̀pá ní ẹ̀yìnkùlé. Katikíìsì ni. Ó ti retí ìyá nínú ìsìn, kò gbúròó rẹ̀, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó sì gbé ìgbéraga rẹ̀ tì, ó wá láìsí ẹni tó pè é. Mo gbọ́ tó pe orúkọ ìyá, mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí síbi tí kò yẹ, ète rẹ̀ ti gbẹ. Odó ti yí dànù kúrò lórí fóòmù, ó ti dùbúlẹ̀, iṣu tó ti tutù ti fọ́n ká. Ọmọ odó wà lọ́wọ́ ìyá síbẹ̀. Odó ló ti mì tó sì gbé e ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ohùn tó ń kàn láìdọ́gba lánàá, òun ló ń fi ọmọ odó lu odó pé kí ẹnì kan gbọ́ kó wá gba òun.

Katikíìsì yí ojú rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ kò sí nílé ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Adó ni mo sùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N kò tiẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Ìyá wò mí láti ilẹ̀. A wá ọkọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìsẹ̀. Kó tó di pé ọmọ náà dé, mo ti sáré padà sílé, mo ti já gbogbo fóòmù àti kíréètì ẹyin kúrò lára ògiri, mo ti gbé odó padà sórí àpáta, mo sì ti gbálẹ̀. Nígbà tó wọlé láti wá kó aṣọ ìyá rẹ̀, ilé ìdáná bí gbogbo ilé ìdáná ló bá níbẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá àwọn gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní kò tọ́pẹ́.

O fẹ́ bi mí bóyá mo lọ sí ìpàtẹ náà. Mo lọ. Lọ́jọ́ Tuesday, mo kó fóòmù kan náà lọ sí Adó, mo yá odó kékeré kan, mo gún un lójú àwọn àlejò, mo sì ka àkọsílẹ̀ mi fún wọn, títí kan ti ọjọ́ Saturday tí mo fàlà sí nídìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ipò kejì ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá mi dì mọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, mo ń làágùn, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ìyá lọ sí Ìsẹ̀, kó lè máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn. Katikíìsì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ọmọ ìyá ń sọ bó ṣe dùn ún tó pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá dá a lóhùn, ó ní kó má dá Tíṣà lẹ́bi, pé Adó ló wà, pé bó bá wà nílé ni, ì bá ti gbọ́. Mo tẹ orí ba. Nígbà tó ṣe, ọmọ rẹ̀ jáde lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ó sì di bàbá lọ́wọ́ mú jáde. Ó wá ku àwa méjì. Ìyá ní kí n sún mọ́ òun.

Ó ní, "Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Sálúbàtà rẹ aláwọ̀ ewé lo wọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́."

N kò lè gbójú sókè. Mo fẹ́ sọ pé n kò gbọ́, òtítọ́ sì ni pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi òtítọ́ yẹn ṣe? Èmi ni mo ṣe é kí n má baà gbọ́. Mo bú sẹ́kún. Ìyá fọwọ́ kàn mí lórí, ọwọ́ rẹ̀ le koko nítorí ọmọ odó tó ti ń dì mú láti ọdún gbọọrọ. Ó ní òun kò ní sọ fún ọmọ òun, torí kò ní lè dárí jì mí. Ó ní, "Ẹni ulé mi ni ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ ọ́, lọ́jọ́ tó o bá ní agbára rẹ̀." Ọmọ rẹ̀ sì wọlé dé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gbé e.

Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá lọ sí Ìsẹ̀ lọ sọ ọ́. Mo lọ nígbà méjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọmọ ìyá gún iyán fún mi, mo jẹ ẹ́, mo sì padà láìsọ nǹkan kan. Katikíìsì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n kò sọ fún òun náà. Ìyá lo ọdún mẹ́fà sí i, kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sin ní Ìkéré, èmi ti di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì fi mí jókòó níwájú láàárín àwọn èèyàn pàtàkì. Ọmọ ìyá gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé. Ó ní nígbà tí ìyá òun wà lóun nìkan, èmi ni mo jẹ́ ọmọ fún un. Ó ní títí ìyá fi kú, bí wọ́n bá dárúkọ mi, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mi láìdáa. Ó wá gbé gbohùngbohùn náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n sọ̀rọ̀. Mo dìde. Gbogbo ènìyàn ń retí mi. Mo ní ìyá rere ni ìyá, pé Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ òtítọ́ tèmi fi ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún mi, ó sì gbé e lọ sí ibojì. Ìyẹn ló ń pa mí lára jù. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó pariwo mi síta, màá ti bẹ̀bẹ̀, màá ti ráhùn, ọ̀rọ̀ náà á ti tán nílẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohùn báyìí, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tó pa ariwo kan lẹ́nu mọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ẹni tó ń pa á àti ohun tó ń fi í wí. Wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé mo ń yí ẹjọ́ ara mi ká ni, n kò sì lè wọ inú rẹ̀.

Mo ti pe ọmọ ìyá lórí fóònù láàárọ̀ òní. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu mi á lè gbé e. Ọmọ ìyá ṣì wà ní Ìsẹ̀, ó ti ń darúgbó, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Saturday. Màá jókòó síwájú rẹ̀. N kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìpàtẹ tàbí fóòmù. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ fún katikíìsì lọ́jọ́ yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ: mo wà nílé.